Wàláà Sakaráyà: orí Bíbélì kan fún àsìkò Bíbọ̀ Olúwa

Nínú ìjọ Kátólíìkì àti nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ọdún ìjọ kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá jù lọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìbí Jésù, Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni a ń kà. Àsìkò yìí ni àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní Àdífẹ́ńtì, èyíinì ni Bíbọ̀ Olúwa. Àsìkò ìdúródè ni.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà lè fẹ́ ka Bíbélì ní àsìkò yìí, kí ó má sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó ṣí Ìhìnrere Lúùkù, orí kìn-ín-ní. Orí náà gùn. Ẹsẹ 80 ni ó ní, kò sì sí orí mìíràn nínú Májẹ̀mú Titun tí ẹsẹ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a kà á tán ní ọjọ́ kan? Ẹ lè ka ẹsẹ 5 sí 25 ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, 26 sí 38 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 39 sí 56 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ sì fi ìyókù sí ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹsẹ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Lúùkù kọ sí Tìófílù. Ẹ lè padà sí i nígbà tí ẹ bá ráàyè.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé tọkọtaya àgbàlagbà kan. Àlùfáà ni Sakaráyà, ọkọ. Elísábẹ́ẹ̀tì ni orúkọ aya rẹ̀. Wọn kò bímọ. Níbí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀. Kí Lúùkù tó sọ fún wa ní ẹsẹ keje pé wọn kò ní ọmọ, ó ti sọ ní ẹsẹ kẹfà pé olódodo ni àwọn méjèèjì níwájú Ọlọ́run. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe tò ó. Ní àárín wa, bí obìnrin kan bá pẹ́ kí ó tó bímọ, kíá ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè ohun tí ó ṣe. Elísábẹ́ẹ̀tì pàápàá mọ adùn ẹnu ayé. Ní ẹsẹ 25, ó pe ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ní ẹ̀gàn. Lúùkù kò bá wọn gàn án. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó fi dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kan, àwọn àlùfáà ṣẹ́ kèké, kèké sì mú Sakaráyà láti wọ tẹ́ńpìlì lọ sun tùràrí. Áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fara hàn án níbẹ̀, ó sọ fún un pé a ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, aya rẹ̀ yóò bí ọmọkùnrin kan. Sakaráyà kò gbà á gbọ́. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni, nígbà tí òun ti di arúgbó. Èmi kò lè bá a wí púpọ̀. Ẹni tí ó ti bẹ̀bẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ lè má dá ìdáhùn mọ̀ nígbà tí ó bá dé. Láti ìgbà náà ni ó ti ya odi.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà kọjá. Ẹsẹ 23 sọ pé ó dúró títí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fi pé, kí ó tó padà sí ilé. Ó yadi, síbẹ̀ ó parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé gbígbẹ́kẹ̀lé ètò Ọlọ́run ni pé kí a káwọ́ gbera kí a máa wòran. Ti Sakaráyà kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bí ọmọ náà, àwọn aládùúgbò àti ẹbí péjọ ní ọjọ́ kẹjọ, gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá ti ń ṣe nígbà ìsọmọlórúkọ. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀, ó ní Jòhánù ni yóò máa jẹ́. Ẹbí ní kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wọn. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ mọ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.) Wọ́n bá ṣe àmì sí bàbá. Ó béèrè wàláà, èyíinì ni pátákó ìkọ̀wé bí irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ń lò. Ó kọ orúkọ Jòhánù sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ là. Ọwọ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà kí ahọ́n rẹ̀ tó lè sọ ọ́.

Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìtumọ̀ ìwé yìí sí èdè wa mọ ìdúródè pẹ̀lú. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n nípá. Wọ́n tú Àjàyí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822, wọ́n mú un lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, Ọjọ́ Àìkú kan nínú àsìkò Bíbọ̀ Olúwa, ó ṣe ìrìbọmi, ó di Samuel Ajayi Crowther. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, Crowther dé Kétu. Ìhìnrere Lúùkù wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ní ọdún 1884 ni odidi Bíbélì parí.

Èmi kò ní tìtorí èyí sọ pé oko ẹrú dára, tàbí pé Ọlọ́run ni ó rán àwọn akónilẹ́rú. Ibi ni ibi ń jẹ́. Ohun tí onígbàgbọ́ ń sọ ni pé ibi náà kò lágbára láti dí Ọlọ́run lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá le. Bí ẹ bá ní ìwé àjákọ, ẹ da ẹsẹ kan kọ sí i ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá dé ẹsẹ 80, ẹ óò rí i pé ọmọ náà dàgbà, ó sì wà ní aginjù títí di ọjọ́ tí ó fara han Ísírẹ́lì. Arúgbó ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Lúùkù kò sọ bóyá wọ́n rí ọjọ́ náà.