Orúkọ tí wọ́n ń pe Mùsùlùmí ní Sípéènì: ọ̀kan dára, èkejì ń dá ìjà sílẹ̀

Ẹni tó bá dé orílẹ̀-èdè Sípéènì lónìí, tó pe ará Mòrókò ní 'moro' lójú rẹ̀, ìjà ló ń wá. Èébú ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò bẹ̀rẹ̀ bí èébú. Inú èdè Látìn ló ti jáde, níbi tó ti túmọ̀ sí ará Mauretania, ilẹ̀ àtijọ́ kan ní ìhà àríwá Áfíríkà.

Ogun ló bà á jẹ́. Lọ́dún 711 ni àwọn ọmọ ogun Tariq ibn Ziyad gba orí omi wọ Sípéènì láti Áfíríkà, ìjọba Mùsùlùmí kò sì tán níbẹ̀ títí di 1492, nígbà tí ìlú Granada bọ́ sọ́wọ́ Ọbabìnrin Isabella àti Ferdinand ọkọ rẹ̀. Mùsùlùmí tó bá wà lábẹ́ ọba Kristẹni, 'mudéjar' ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n fi tipátipá ṣe ìrìbọmi fún wọn, orúkọ yí padà, ó di 'morisco'. Ìrìbọmi ọ̀hún kò gbà wọ́n. Láàárín 1609 sí 1614, nǹkan bí 300,000 nínú wọn ni wọ́n lé kúrò nílùú.

Orúkọ tó bójú mu lónìí ni 'musulmán'. 'Mahometano' tó wà nínú ìwé àtijọ́ kò dùn mọ́ àwọn Mùsùlùmí nínú, nítorí ó dà bí ẹni pé Ànábì Muhammad ni wọ́n ń sìn, tí kì í ṣe Ọlọ́run. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa nílé: 'Ìmàle' wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n 'Mùsùlùmí' ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn náà fẹ́ kí a pe àwọn.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó ń fi 'moro' búni gan-an kò lè sọ̀rọ̀ dálẹ́ láìyá èdè Lárúbáwá lò. 'Azúcar' ló ń pe ṣúgà, 'aceite' ló ń pe òróró, 'almohada' sì ni ìrọ̀rí tó ń gbé orí lé. 'Alcalde' tó ń ṣàkóso ìlú rẹ̀, orísun kan náà ló bá alíkálì tí wọ́n mọ̀ ní Ìlọrin pín. Bó bá sì ń retí ire, 'ojalá' ni yóò sọ, èyí tó wá láti inú gbólóhùn Lárúbáwá tó túmọ̀ sí 'bí Ọlọ́run bá fẹ́'.

Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. 'Moros y cristianos' ni wọ́n ń pe ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà dúdú. Ẹ̀wà ni 'moro', ìrẹsì ni Kristẹni. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ nílé oúnjẹ ní Havana, àwo ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀.