Ta Ni Ó Ni Oko? Àṣẹ Ará Ìlú Nínú Ètò Ìgbáradì fún Àjálù ní Bangladesh

1. Ìfáàrà

Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni ó ni oko. Òun ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó ti wù kí àwọn olùrànlọ́wọ́ pọ̀ tó, wọn kò lè tìtorí ìrànlọ́wọ́ gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà yìí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n bí a ti ń yẹ ipò àwọn ará ìlú wò nínú ètò tí a fi ń gba ẹ̀mí là nígbà àjálù. Etíkun Bangladesh ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ètò tibẹ̀ ti lé ní 50 ọdún, àǹfààní àti àléébù rẹ̀ sì ti hàn sí gbogbo ayé.

2. Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 1970, ìjì líle kan jà ní etíkun ilẹ̀ yìí, tí a ń pè ní Ìlà-Oòrùn Pakistan nígbà náà. Omi òkun ru bo àwọn erékùṣù. Ó kéré tán, ènìyàn 300,000 ni ó kú. Kì í ṣe pé a kò kìlọ̀ rárá. Rédíò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́, àwọn mìíràn tí ó gbọ́ kò sì mọ bí ewu náà ti tó.

Nítorí èyí, ẹgbẹ́ Red Cross dá ètò tí a ń pè ní Cyclone Preparedness Programme sílẹ̀ ní ọdún 1972, ìjọba Bangladesh sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1973. Láti àárín àwọn ará abúlé ni a ti ń yan àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó. Bí ìròyìn ìjì bá ti dé láti Dhaka, wọn a ta àsíá, wọn a gbé gbohùngbohùn, wọn a sì máa kiri láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ni wọ́n mọ ilé tí arúgbó tí kò lè rìn wà, àti ọ̀nà tí omi kọ́kọ́ ń bò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

3. Ta ni à ń pè ní ará ìlú?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú ni ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílùú. Ìjì tí ó jà ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1991 pa nǹkan bí ènìyàn 138,000, àwọn obìnrin tí ó bá a lọ sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ọ̀pọ̀ wọn dúró de àṣẹ ọkọ; ojú ń ti àwọn mìíràn láti wọ ilé ààbò tí ọkùnrin kún. Lónìí, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti lé ní 70,000, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ obìnrin.

Nígbà tí ìjì Sidr jà ní ọdún 2007, àwọn tí ó kú lé díẹ̀ ní 3,000. A kò gbọdọ̀ ka gbogbo ìyàtọ̀ yìí sí iṣẹ́ àwọn ará abúlé nìkan: ilé ààbò ti pọ̀ sí i, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ti ń rí ìjì láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ilé ààbò kò lè pe ènìyàn. Ènìyàn ni ó ń pe ènìyàn.

4. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Àpò owó ńkọ́? Ní ìpàdé àgbáyé tí a ṣe ní Istanbul ní ọdún 2016, àwọn ìjọba olówó àti àwọn àjọ ńláńlá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé, nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2020, ìdá 25 nínú 100 owó ìrànwọ́ yóò máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ abẹ́lé. Ọdún náà pé, ìlérí náà kò ṣẹ.

Àwọn olùyọ̀ǹda kan ti kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí ará abúlé bá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti gbé ìkìlọ̀ kiri, ṣùgbọ́n tí a kò bi í léèrè ibi tí a ó kọ́ ilé ààbò sí, tàbí ohun tí a ó fi owó ṣe, alágbàṣe tí a kò sanwó fún ni. Kì í ṣe olóko.