Ìdí tí Eré Ìyìnbọn Aláṣà-Àtijọ́ Orí Kọ̀ǹpútà fi ń Wu Eléré Òde Òní

Ìfáàrà
Nínú eré ìyìnbọn ojú-ẹni-kìíní, eléré kì í rí ara rẹ̀. Kò rí ju ọwọ́ tí ó di ìbọn mú àti ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Bí a bá fi ojú lítíréṣọ̀ wò ó, ó jọ ìtàn tí asọ̀tàn rẹ̀ ń lo "mo": ohun tí asọ̀tàn kò bá rí, òǹkàwé kò lè rí i. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ irú eré yìí ni a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní àwòṣe ti àwọn ọdún 1990. Kí ló dé tí ohun tí ó dà bí àlòkù fi ń wu ènìyàn nígbà tí tuntun wà lọ́jà? Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìrántí àtijọ́ nìkan kọ́. Ìlànà tí ó hàn kedere ni ó ṣe pàtàkì jù.

Orísun Àṣà Náà
Ilé-iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe Wolfenstein 3D ní 1992, Doom ní 1993 àti Quake ní 1996. Nígbà tí ó yá, ìlànà mìíràn gbòde. Nínú Halo (2001), ìbọn méjì péré ni eléré lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Call of Duty 2 (2005), ẹni tí ó bá fara pa kàn ní láti sá pamọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì yá. Dusk (2018), iṣẹ́ David Szymanski, wà lára àwọn tí ó padà sí àṣà ìṣáájú. Ion Fury (2019) tilẹ̀ lo Build, irinṣẹ́ tí a fi ṣe Duke Nukem 3D ní 1996.

Ṣé Ìrántí Nìkan Ni?
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó ta Doom ní 1993 ní àkísà tirẹ̀; ìrántí lè fà á padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà wà lára àwọn tí ń ta eré wọ̀nyí. Wọn kò ní ohun tí wọn yóò rántí. A jẹ́ pé ohun mìíràn wà nínú eré náà fúnra rẹ̀.

Ìlànà Tí Ó Hàn Kedere
Ẹ jẹ́ kí a wo Doom. Ànjọ̀nnú kan ń ju bọ́ọ̀lù iná tí ojú lè rí, tí ẹsẹ̀ sì lè yẹ̀ fún. Òmíràn kò lè ṣe ju kí ó sún mọ́ni, kí ó gé ni jẹ. Ọta ìbọn ti àwọn ọmọ-ogun kò ṣe é yẹ̀ fún ní tirẹ̀, ó ń bani lójú ẹsẹ̀ ni. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú yàrá kan, eléré gbọ́dọ̀ pinnu ta ni yóò kọ́kọ́ pa àti ibi tí yóò gbà. Sísá pamọ́ kò wo ọgbẹ́ sàn. Oògùn tí ó wà nílẹ̀ ni yóò wá lọ. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi í dúró. Ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan, eré náà yóò fi iye ọ̀tá tí ó pa, ohun tí ó ṣà àti ibi ìkọ̀kọ̀ tí ó rí hàn án.

Àwòrán gbàgẹ̀rẹ̀ náà wúlò: kò sí ohun ọ̀ṣọ́ púpọ̀ tí yóò bo ọ̀tá mọ́ eléré lójú. Ó jọ ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló wà ní gbangba. Ẹni tí a bá pa mọ ibi tí ó ti ṣì í ta.

Ìgúnlẹ̀
Ìpànìyàn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú eré wọ̀nyí. A kò dábàá pé kí a gbé wọn wọ kíláàsì. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú wọn fún olùkọ́. Eléré kú nígbà ogún, ó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí ó pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a dá ìwé ìdánwò padà fún pẹ̀lú máàkì lásán, láìsí àlàyé, kò mọ ohun tí ó pa òun. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pa ìwé tì, tí ó sì gba ìdí eré lọ, kí a tó pè é ní ọ̀lẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tí a gbà ń máàkì wò.