Ìforúkọsílẹ̀, Nọ́mbà àti Ìwé-Ìní Ọkọ̀ Ìgbafẹ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí Nínú Òfin Amẹ́ríkà

Bí a bá ń túmọ̀ òfin ọkọ̀ ojú-omi sí èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun nìkan rọ́pò gbogbo ìwé tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, òǹkàwé lè gbà pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ nọ́mbà ọkọ̀ ni ó ni ọkọ̀ náà dájúdájú. Ẹni tí ó bá fi irú òye bẹ́ẹ̀ ra ọkọ̀ lè pàdánù owó rẹ̀. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé ó ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kedere.

Ní 1958 ni òfin kan fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti máa fún ọkọ̀ ní nọ́mbà fúnra wọn. Òfin ààbò ọkọ̀ ojú-omi ti 1971 sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ni ní nọ́mbà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni ó ń pinnu bí nọ́mbà náà yóò ti rí. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni òfin àpapọ̀ mú. Ìpínlẹ̀ lè fi tirẹ̀ kún un: ní Ohio, ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà pàápàá gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Florida yọ ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sílẹ̀.

Kí ni nọ́mbà yìí gan-an? Lẹ́tà 2 tí ó dúró fún ìpínlẹ̀ ni ó ṣáájú. Àmì oǹkà tí kò ju 4 lọ ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà 2 ni ó parí rẹ̀, bí FL 1234 AB. (Ó tún lè jẹ́ àmì oǹkà 3 pẹ̀lú lẹ́tà 3.) A rí i nígbà náà pé kì í ṣe iye ni nọ́mbà yìí ń sọ. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ nọ́mbà, tí a ti yá lò tipẹ́, tí a kò sì gba oǹkà tàbí iye fún un. Olùkọ́ tí ó bá ka 1234 sí ‘ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n’ létí omi ti sọ àmì-ìdánimọ̀ di iye. Bí a ti ń ka tẹlifóònù ni kí a kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Ẹni tí ó ń ké pe olùgbàlà nínú ìjì kò ní àyè ìṣirò.

A kì í lo I, O àti Q nínú àwọn lẹ́tà ìparí, nítorí pé ojú lè ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0 láti òkèèrè. Nítorí ìdí kan náà ni òfin fi ní kí lẹ́tà àti àmì oǹkà náà ga tó íǹṣì 3 ó kéré tán, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀, kí wọ́n sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìdajì iwájú. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ kan sí wọn.

Fún àwọn lẹ́tà tí ó ṣáájú, àwọn kan lè fẹ́ lo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ti gírámà ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà aṣáájú tó. Ẹ má sì fi ti ilé-ìfìwéránṣẹ́ túmọ̀ wọn. Lára ọkọ̀ ojú-omi, MI ni Mississippi, MS ni Massachusetts, MC ni Michigan, CF sì ni California. Lára àpòòwé, MI ni Michigan, MS sì ni Mississippi. Ní 1963 ni ti ìfìwéránṣẹ́ dé, lẹ́yìn òfin 1958.

Ìwé tí ó ń bá nọ́mbà rìn ni a dábàá láti máa pè ní ìwé-ẹ̀rí nọ́mbà. Inú ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà nígbà tí a bá ń lò ó, kì í sì í pẹ́ ju ọdún 3 lọ kí a tó sọ ọ́ dọ̀tun. Àlẹ̀mọ́ (sítíkà lẹ́nu àwọn awakọ̀ wa) ni ó ń fi hàn pé kò tí ì kú. Bí a bá ta ọkọ̀, ìwé-ẹ̀rí ẹni tí ó tà á kú, ṣùgbọ́n nọ́mbà ara ọkọ̀ ní Florida kì í yí padà. Ohun tí ó ń sọ ẹni tí ó ni ín ni ìwé-ìní, ìwé mìíràn pátápátá, tí kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ọkọ̀ ojú-omi.

Ọkọ̀ ńlá ni ó fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó tó tọ́ọ̀nù 5 (àyè inú ọkọ̀ ni tọ́ọ̀nù yìí ń wọ̀n, kì í ṣe bí ó ti wúwo tó) lè gba ìwé-ọkọ̀ àpapọ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Etíkun. Orúkọ ọkọ̀ àti ti èbúté rẹ̀ ni yóò gbé sára, kì í ṣe nọ́mbà ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń lò ó ní Florida, yóò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì gba àlẹ̀mọ́. Ìforúkọsílẹ̀ wà níhìn-ín, nọ́mbà ìpínlẹ̀ kò sí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, báwo ni a ó ṣe túmọ̀ gbólóhùn yẹn?

Ó ku nọ́mbà ìdámọ̀ ara ọkọ̀, tí ẹni tí ó kan ọkọ̀ ń tẹ̀ sí i lára, tí ìpínlẹ̀ kò fi fún un. Láti 1972 ni òfin ti béèrè rẹ̀. Àmì 12 ni, 3 àkọ́kọ́ sì ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó kàn án. Ìdí ọkọ̀ ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí, ní ìhà ọ̀tún. Kí olùtumọ̀ ṣe àlàyé pé ọ̀tún ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀, tí ó kọjú síwájú, ni. Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté tí ó ń wo ọkọ̀ láti iwájú yóò rí ìhà yẹn ní ọwọ́ òsì rẹ̀.