Èkó sí Guangzhou: Ẹ má fi aago ara tíkẹ́ẹ̀tì ka wákàtí ìrìnàjò yín o

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó ọjà ní Guangzhou, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, iye owó bàálù ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kì í sábà béèrè iye wákàtí tí yóò lò lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ sọnù.

Bí bàálù bá lè lọ tààrà, láti Ìkẹjà sí Guangzhou tó nǹkan bíi 11,700 kìlómítà. Dubai sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àárín ọ̀nà náà gẹ́lẹ́, ó jẹ́ bíi 5,900 kìlómítà sí Èkó. Ẹni tó gba Addis Ababa kò fi ju bíi 250 kìlómítà kún un. Àmọ́ ẹni tó bá gba London ti fi ohun tó lé ní 2,700 kìlómítà kún ìrìn ara rẹ̀.

Aago Ṣáínà fi wákàtí méje ṣáájú tiwa, ti Dubai fi mẹ́ta. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní bàálù gbéra l'Ékòó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Mọ́ńdè. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́jọ, ẹ ti dé Dubai, aago márùn-ún ìdájí tiwọn. Ẹ dúró fún wákàtí márùn-ún, ẹ tún fò fún bíi méje. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Túsìdeè, lẹ máa dé Guangzhou. Tíkẹ́ẹ̀tì á jọ wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ogún péré lẹ sì lò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti lọ nìyẹn, ẹ má bá iléeṣẹ́ kankan ṣe àdéhùn fún un.

Èyí ká àwọn tó ń lọ sí ọjà ńlá Canton Fair lára jù. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ná an, April àti October sì ni àsìkò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ọjà ìpele kan kì í ṣe ti èkejì. Ẹni tó pẹ́ dé lè bá ọjà tí kò wá.

Ìpadàbọ̀ ló le jù. Afẹ́fẹ́ òkè máa ń dojú kọ bàálù tó ń bọ̀ láti Ṣáínà, nítorí náà Guangzhou sí Dubai lè di wákàtí mẹ́jọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fúráìdeè, ló yẹ kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ń retí alẹ́ Sátidé, bàálù rẹ̀ á ti balẹ̀ s'Íkẹjà kó tó di ẹrù.

Ẹ sì ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó jọ pé ó dínwó. Ẹ lè ní láti wọ ìlú tó wà láàárín kí ẹ tó rí ẹrù yín gbà, wọ́n sì lè béèrè físà.

Kódà ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó ní láti mọ ìṣirò yìí. Nígbà tí báńkì bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní Guangzhou. Bí iléeṣẹ́ tó ń tajà fún yín bá ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́fà, wákàtí mẹ́ta péré lẹ ní láti jọ sọ̀rọ̀ owó. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ fi ìwé owó ránṣẹ́ lẹ́yìn aago mọ́kànlá àárọ̀, ó di Mọ́ńdè kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.