Kókó inú àyà tó máa ń ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin: Kí ló dé tí àwọn kan ń yè é, tí àwọn mìíràn kì í yè é?

Ikọ́ tí kò lọ, àyà tó ń dunni, èémí tí kò délẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ní Nàìjíríà, Ghana tàbí Benin ni ikọ́ ife, ó sì lè jẹ́ òun náà ni.

Àmọ́ bí àyẹ̀wò kò bá rí ikọ́ ife, tí àwòrán X-ray sì fi hàn pé nǹkan wú sáàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, àrùn mìíràn wà tó yẹ kí dókítà rò, pàápàá bí aláìsàn bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. 'Germ cell tumour' ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kókó tó ń hù láti ara sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tàbí ti ẹyin.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ṣe dé inú àyà?

Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò padà di àtọ̀ tàbí ẹyin máa ń rìn gba àárín ara lọ síbi tí kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin yóò wà. Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé àwọn díẹ̀ máa ń ṣìnà, tí wọ́n á sì jókòó sínú àyà.

Oríṣi rẹ̀ ló ń sọ bí yóò ṣe rí

Teratoma tó ti gbó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tọkùnrin tobìnrin ló ń ṣe, irun, ọ̀rá tàbí eyín sì lè wà nínú rẹ̀. Nígbà míì ó máa ń bẹ́ sínú ọ̀nà èémí, tí èèyàn á sì wú irun jáde. Kí ẹ tó pe irú rẹ̀ ní iṣẹ́ ọmọ aráyé, ẹ lọ ya X-ray. Iṣẹ́ abẹ nìkan sábà máa ń tó fún un.

Jẹjẹrẹ ni seminoma, síbẹ̀ nǹkan bíi 9 nínú àwọn 10 tó gba ìtọ́jú ló ń lò ju ọdún 5 lọ.

Oríṣi kẹta, non-seminoma, ló le jù. Àgbà ọkùnrin tó ní in, tó sì ń lò tó ọdún 5, kò ju bíi ìdajì lọ. Láti ọdún 1997 ni ìlànà àgbáyé ti fi gbogbo wọn sí ìsọ̀rí tó léwu jù, kódà bí kò bá tíì tàn káàkiri.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Ara wọn sábà máa ń gba ìtọ́jú dáadáa ju ti àgbà lọ. Láti bíi ọmọ ọdún 11 sókè ni ewu náà ń pọ̀ sí i.

Ìtọ́jú wo ló wà?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. AFP àti hCG ni wọ́n ń wá. hCG yìí náà ni àyẹ̀wò oyún ń wá, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ pé ọkùnrin lóyún! Bí wọ́n bá ga gan-an, tí ara aláìsàn kò sì dá, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láì dúró de kí wọ́n gé lára kókó náà.

Cisplatin ni olórí oògùn náà. Ó wà lára àwọn oògùn tí àjọ WHO kà sí kòṣeémánìí. Wọ́n máa ń fún un pẹ̀lú etoposide àti bleomycin, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Bleomycin lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà ń fi ifosfamide rọ́pò rẹ̀ bí wọn yóò bá la àyà lẹ́yìn náà.

Ní ti non-seminoma, wọ́n ní láti la àyà ọ̀pọ̀ lára wọn, torí ohun tó bá ṣẹ́ kù lè jẹ́ teratoma tàbí jẹjẹrẹ tí kò tíì kú. Iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ àyà ni, irú àwọn tó wà ní ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti àyà ní Korle Bu, Accra. Owó lè mú kí èèyàn fẹ́ dá oògùn dúró láàárín ọ̀nà. Ohun tó léwu jù nìyẹn, nítorí jẹjẹrẹ tó bá padà wá kì í sábà gbọ́ oògùn mọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ yẹ kó béèrè nípa fífi àtọ̀ pamọ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin tí a bí pẹ̀lú kúrómósómù X kan lé, tí wọ́n ń pè ní Klinefelter, wà nínú ewu kókó yìí ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n sábà máa ń ga, kórópọ̀n wọn máa ń kéré, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì mọ̀ àfìgbà tí wọ́n bá ń wá ọmọ. Bí irú wọn bá ń wúkọ́ tí àyà sì ń dùn wọ́n, kí wọ́n tètè ya X-ray.