Ilé-Ẹ̀kọ́ Abẹ́ Igi ti Santiniketan

Bí a bá gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi láti kàwé, èrò wa yóò kọ́kọ́ jẹ́ pé àìrówó kọ́lé ni ó fà á. Ní Santiniketan, ní ẹkùn Bẹ̀ngálì ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Akéwì àgbà nì, Rabindranath Tagore, mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀kọ́ lọ sí abẹ́ igi ni, nítorí ó gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá yà kúrò lára ilẹ̀ tí a bí i sí kò lè ní ẹ̀kọ́ tí ó pé.

Tagore mọ ohun tí ó ń sọ. Bíi túbú ni ilé-ẹ̀kọ́ rí lójú rẹ̀ nígbà èwe, kò sì kàwé jáde níbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1901, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún péré, ọmọ tirẹ̀, Rathindranath, sì wà nínú wọn. Owó kò sí. Ìyàwó rẹ̀, Mrinalini, yọ̀ǹda ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kí a tà á. Kò sì tí ì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí obìnrin rere yìí fi fi ayé sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀? Àwọn ọmọ a tẹ́ ẹní kékeré wọn, wọn a sì jókòó yí olùkọ́ ká lábẹ́ igi máńgòrò. Bí òjò bá dé, wọn a sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò náà pàápàá ẹ̀kọ́ ni: ọmọ tí ó rí bí ìkúukùu ṣe ṣú, tí ó gbóòórùn ilẹ̀ tútù, yóò ti béèrè ọ̀rọ̀ kí olùkọ́ tó dá a lóhùn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ni ó ní orin àti àjọ̀dún tirẹ̀, àti láti ọdún 1928 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún igi gbígbìn. Èdè Bẹ̀ngálì, èdè ìyá wọn, ni a fi ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì tì.

Inú àwọn amúnisìn kò dùn sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1911, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlà-Oòrùn Bẹ̀ngálì kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ pé ibẹ̀ kò yẹ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. Ní ọdún 1921, yunifásítì Visva-Bharati dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Amartya Sen, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní ọdún 1998, kàwé níbẹ̀ ní kékeré. Títí di òní, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé lábẹ́ igi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé ohun àjèjì ni èyí? Kí ìwé tó dé, oko ni ọmọ Yorùbá ti ń mọ orúkọ ewé, ní ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Lónìí, ọmọ wa lè ka orúkọ òdòdó ilẹ̀ òyìnbó lórí, kí ó má sì mọ ewé tí ó hù lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Ìgbèkùn ni ìyẹn, bí àsíá tiwa tilẹ̀ ń fẹ́ lókè.

A kò ní kí ẹ wó ògiri. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Igi chhatim tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù ní Santiniketan, ìbátan ahùn tiwa ni. Àwọn ará ibẹ̀ tún ń pè é ní ewé-méje, nítorí bí ewé rẹ̀ ṣe yí ẹ̀ka ká. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí ahùn tí ó wà nítòsí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ewé ìdì kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá, kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí a ń fi igi náà ṣe. Ìṣirò, àwòrán àti ìtàn ni ẹ ti kọ́ wọn yẹn, ẹ kò sì ná kọ́bọ̀.